Òrùlé Tí N Kò Jẹ́ Kí Bàbá Àgbà Gùn

Àwọn tó wá kí wa nígbà tí bàbá mi àgbà kú, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n ní ó jayé, wọ́n ní ó rí ọmọ, ó rí ọmọ-ọmọ, wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọjọ́ tiwa náà dalẹ́. Mo ń ṣe àmín. Mo ń gbé àga fún wọn, mo ń bu omi fún wọn, inú mi sì ń sọ pé kí wọ́n tètè dìde. Ọkùnrin tí mo mọ̀ kò jayé kankan ní ọdún méjì tó kẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀. Àkàbà ló ń gbé kiri. Ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gun òrùlé wọn, kí òun lè tún iṣẹ́ ọwọ́ òun ṣe. Nígbà tó yá, gbogbo wọn gbà fún un. Èmi Tóyìn, ọmọ tí àkọ́bí rẹ̀ bí, èmi nìkan ni n kò gbà fún un títí ó fi kú.

N kò kọ èyí láti bẹ òkú. Òkú kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé àwọn tó ń yìn ín kò mọ ẹni tí wọ́n ń yìn, àwọn tó ń dá a lẹ́bi lábẹ́lẹ̀ náà kò sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rí i pé mò ń pe àgbàlagbà ní "ó" nínú ìwé yìí, kó má bínú. Èkìtì ni wá. Nílé wa, bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ náà là ń bá bàbá wa sọ̀rọ̀, ìfẹ́ kò sì ti ìdí èyí kéré.

Káfíńtà òrùlé ni Bàbá, ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè wa yìí tó jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀, kì í béèrè ẹni tó ni páànù. Kì í ṣe oníwáyà, kò mọ ohunkóhun nípa iná. Síbẹ̀, iná ló sọ ọ́ di olókìkí. Bí wọ́n bá fẹ́ fa iná láti orí òpó títì wọ inú ilé, wọ́n máa ń gbé páìpù irin kan nàró lórí òrùlé, kí wáyà lè ga ju orí èèyàn àti orí ọkọ̀ lọ kó tó wọlé. Wáyà yẹn wúwo. Tọ̀sán tòru ló ń fa páìpù síhà títì, tí atẹ́gùn bá tún wá fẹ́, á máa fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Páìpù tí wọn kò bá dì mú dáadáa á dà, tó bá sì ń dà, á kó páànù àti igi òrùlé dání. Láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Ìpótì, kò sí páìpù tí Bàbá dì mú tó dà rí. Bàbá Onípáìpù ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ó ní bí ó ṣe ń ṣe é. Kò jẹ́ kàn án mọ́ fásíà, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ etí òrùlé yẹn, bí àwọn oníwáyà ti máa ń ṣe. Ó ní aṣọ ni fásíà, kì í ṣe egungun. Inú àjà ló ń wọ̀. Á ki igi apá kan há àárín ráfítà méjì, àwọn igi tó gbé páànù ró, á fi bóòtù de ìdí páìpù mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni yóò fi wáyà irin líle mú ọrùn páìpù láti ẹ̀yìn, ní òdìkejì ibi tí títì wà. Wáyà ìdìmú méjì ni: ọ̀kan á lọ sára ráfítà, èkejì á gba orí òrùlé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, á so mọ́ igi ayán tí ó ti rì mọ́lẹ̀. Irin ni àwọn mìíràn máa ń rì. Bàbá kò fọkàn tán irin inú ilẹ̀, ó ní á dípẹtà. Igi ló mọ̀, igi ló gbà gbọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ẹ̀yìn páìpù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bi èmi náà léèrè pé, "Ohun tí ń fà á níwájú, gbogbo ayé ló rí i. Kí ni ń fà á lẹ́yìn?"

Bí Bàbá bá wọ ilé ẹni, kó tó kí onílé, ojú rẹ̀ ti lọ sókè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, á gbé orí sókè láti ìgbà tí wàásù bá bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi ṣe àmín. Kátíkíìsì tí a ní nígbà náà rò pé Bàbá ń ríran. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn, ó fà á sí kọ̀rọ̀, ó rọra béèrè ohun tí Ẹ̀mí ń fi hàn án lókè ibẹ̀. Bàbá ní kò sí nǹkan kan, pé igi kẹta láti apá ọ̀tún ni ìkán ti jẹ, kí ìjọ má jókòó sábẹ́ rẹ̀ mọ́. Màmá mi, tó wà láàárín àwọn akọrin, fi ìwé orin bojú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n lọ wo igi náà lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́ o. Kí àwọn tó ń kọ ìwé ìsìnkú má parọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń jágbe mọ́ àwọn tó bá ń bá a ṣiṣẹ́. Kì í gba "ẹ kú iṣẹ́" lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró sábẹ́ àkàbà, kì í sì í yin ènìyàn. Nígbà tí mo di tíṣà, tí mo gba ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àrámọ̀kọ, mo sáré wá sọ fún un. Mo rò pé á gbàdúrà fún mi. Ó jẹ iṣu sísun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Òrùlé ulé ẹ̀kọ́ ọ̀hún ńkọ́?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Tíṣà, mo sì mọ̀ pé ọ̀nà tirẹ̀ láti yọ̀ fún mi nìyẹn.

Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje, ìjì máa ń bà mí lẹ́rù. Àwọn ìyá mìíràn á ki ọmọ wọn sábẹ́ aṣọ. Bàbá á mú mi lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nínú atẹ́gùn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, á gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé orí wáyà ìdìmú tó so mọ́ igi ayán. Wáyà náà á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì lábẹ́ ọwọ́ mi, á máa dún bí ohùn àgbàlagbà tó ń kùn nínú oorun. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń dún bẹ́ẹ̀, òrùlé wa kò níbi í lọ. Ẹ̀rù á kúrò lára mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìfọ̀kànbalẹ̀ ní kékeré mi, ara wáyà yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá Bàbá jiyàn lórí páìpù. Bọ̀ọ̀dá Ràímì ni, oníwáyà. Ọmọ Ìwó ni, láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti wá ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n tó sì jókòó síbẹ̀. Bàbá fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń parí ilé: Bàbá á gbé páìpù nàró, Ràímì á fi wáyà sí i. Wọn kì í sì í parí iṣẹ́ láìjà. Ràímì á ní Bàbá ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni òkè. Bàbá á ní ta ló ni ín bí kì í bá ṣe káfíńtà.

Ìjà tó ṣe pàtàkì, orí ohun kékeré kan ni. Nǹkan funfun ni, ó tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ díẹ̀, amọ̀ dídán bíi ti àwo ìjẹun ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn oníwáyà máa ń fi í sí agbede wáyà ìdìmú, ní òkè ibi tí ọwọ́ kò lè tó, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá ṣèèṣì wọ inú páìpù, kò ní lè gba ara wáyà sọ̀ kalẹ̀ wá bá èèyàn. Ràímì mú ọ̀kan wá fún Bàbá. Bàbá fi ìka kàn án, ó gbọ́ bó ṣe ń dún, ó sì dá a padà fún un. Ó ní, "Urin ni mo fi dì í mú, o wá ní kí n fi àwo sí i láàárín." Ràímì ṣàlàyé títí. Ó ní ẹnu wáyà tí wọ́n gé sí méjì kọ́ ara wọn nínú rẹ̀ láìfara kanra, pé bí àwo yẹn tilẹ̀ fọ́, wáyà kò ní já. Bàbá kò gbọ́. Gbogbo ọgbọ́n tó ní, ọgbọ́n kí nǹkan má baà dà ni. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ fún ohun tó lè pa èèyàn láìjẹ́ pé ó dà.

Lẹ́yìn náà ni iná lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá tó ń pín in fún àdúgbò wa ló jó, wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá tún un ṣe. Ọdún mẹ́fà kọjá. Àwọn tó lówó ra sólà, àwọn yòókù padà sí àtùpà àti tọ́ọ̀ṣì. Páìpù orí òrùlé di ibi tí ẹyẹ ń bà lé. Bàbá nìkan ni kò gbàgbé wọn. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, á gbé sípánà, á máa lọ láti ilé dé ilé láti fún wáyà ìdìmú pọ̀. Àwọn èèyàn á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Bàbá, uná éè sí, kí lò ń dì mú?" Kò jẹ́ bínú sí ìyẹn, á gbà pé kò sí lóòótọ́. Á ní, "Uná éè sí. Atẹ́gùn ń bẹ."

Ohun tí gbogbo wa ṣe ní ọdún mẹ́fà yẹn, ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. A rí wáyà líle tó nà tọọrọ ní ẹ̀yìnkùlé, tí kò ní iṣẹ́ kankan mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í sá aṣọ sí i. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ ń kígbe pé aṣọ tútù á jẹ́ kó dẹ̀, nígbà tó yá, ó dákẹ́. Kò sí ẹni tó rántí pé iná lè padà. A ti sin ín.

Sátidé kan ni, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Mo ti Àrámọ̀kọ wá kí wọn. Màmá mi, Yémisí, àkọ́bí Bàbá, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀, nítorí bàbá mi ti kú tipẹ́. Òun ló máa ń fọ aṣọ funfun àwọn akọrin, ó sì ń sá wọn ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà, láìwọ bàtà. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń bẹ iṣu. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Ariwo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ń gòkè bọ̀ láti ilé dé ilé: uná dé, uná dé. Gílóòbù tó ti kú láti ọdún mẹ́fà tàn lórí mi. Bàbá, tí kì í jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, jó wọ ilé ìdáná wá bá mi, ó fà mí lọ́wọ́ jáde síwájú ilé láti wá wo páìpù rẹ̀ tó nàró ṣánṣán lórí òrùlé. Ó ní, "Tíṣà, o rí i? Mo wí, éè dà." Ó wá ń pe màmá mi pé kó wá wò ó. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn. Èmi ni mo lọ wò ó.

Ó wà nílẹ̀ lábẹ́ wáyà. Aṣọ akọrin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì di wáyà mú. Mo sáré sí i. Kí n tó kàn án, Bàbá tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ti fi pákó gbígbẹ gbá mi lápá, mo ṣubú. Pákó yẹn náà ló fi já ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò lára wáyà. Gbogbo àdúgbò ṣì ń pariwo ayọ̀. Wọ́n ń yọ̀ débi pé kò sí ẹni tó gbọ́ igbe mi fún ìgbà pípẹ́, n kò sì tíì lè gbàgbé ayọ̀ wọn yẹn.

Bọ̀ọ̀dá Ràímì ló wá tú ẹnu wáyà wa kúrò lára iná òpó, ó fi wáyà náà sílẹ̀ níbi tó so sí. Òun náà ló ṣàlàyé fún wa. Ó ní fún ọdún mẹ́fà tí atẹ́gùn fi ń fi wáyà títì ha ẹnu páìpù, awọ rọ́bà tó bo wáyà ti bó, iná sì wọ inú páìpù lọ. Páìpù gbé iná náà fún wáyà ìdìmú. Ká ní irin ni wáyà náà so mọ́ nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ gbé e mì. Igi ni, igi kò gbé e. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró síbẹ̀ títí màmá mi fi wá fọwọ́ kàn án. Kò mẹ́nu ba ẹyin amọ̀ funfun tí Bàbá dá padà fún un. Bàbá ló mẹ́nu bà á. Ó mú àáké, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gé igi ayán náà mọ́lẹ̀, páìpù sì tẹ̀ síhà títì díẹ̀díẹ̀, ó fa páànù igun ilé ya. Páìpù Bàbá àkọ́kọ́ tó máa dà nìyẹn. Iná náà wà fún ọjọ́ mẹ́rin, ó lọ, a kò sì tíì rí i di òní.

Lẹ́yìn tí a sin màmá mi, wọ́n ní kí n wá Bàbá lọ, pé ó ti jáde láìjẹun. Ṣọ́ọ̀bù Ràímì ni mo ti bá a, láàárín àwọn tó wá gba fóònù wọn tí wọ́n fi síná jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Bàbá mi àgbà, tí kò jẹ́ tẹrí fún káńsílọ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù lọ. Ràímì sá jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ó dúró ní títì, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ wá pé ká gbé àgbàlagbà náà dìde kí òun má baà rí ìjà Ọlọ́run. Bàbá kò dìde. Láti orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó torí rẹ̀ wá. Ó ní, "Kọ́ mi."

Láti ìgbà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo ilé tí ó ti di páìpù mú rí ló wà lórí rẹ̀, láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìpótì, títí dé ibi tí mo wà ní Àrámọ̀kọ. Ràímì á di àkàbà mú, Bàbá á gun òkè, á gé wáyà ìdìmú, á fi ẹyin funfun náà sí i, á tún un fà. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Á ní òun ni òun ṣe é, òun ṣì í ṣe, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló pa Yémisí ọmọ òun, kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun gun ulé wọn. Àwọn kan ní kí ló kàn wọ́n, nígbà tí kò sí iná. Obìnrin kan ní Ìpótì ní ó ti pa ọmọ tirẹ̀, ó wá ku ọmọ tòun. Bàbá jókòó sí òdìkejì títì, lórí òkúta, títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó lọ, ó tún padà wá. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tó wá ni obìnrin náà ṣílẹ̀kùn.

Gbogbo èyí kò yọ́ mi nínú. Kí n má parọ́, ó ń bí mi nínú. Lójú mi, ńṣe ló ń gbé ikú màmá mi kiri láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, kí àwọn èèyàn lè káàánú rẹ̀. Mo bínú sí wọn pé wọ́n ń gbà fún un. Mo bínú nítorí pákó tó fi gbá mi pàápàá, tó jẹ́ pé òun ló dá ẹ̀mí mi sí. Òun ló ṣe òrùlé ilé tí ọkọ mi kọ́ ní Àrámọ̀kọ, òun náà ló di páìpù rẹ̀ mú. Mo ní kí àwọn ọmọ mi má dé ìdí wáyà ẹ̀yìnkùlé, mo fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yí igi rẹ̀ ká, n kò sì jẹ́ gbójú sókè sí i.

Nígbà tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, mo ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tó tún wá, mo ní ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, kò sí nílé. Nígbà kan, mo wọ yàrá lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ní kí àwọn ọmọ sọ pé n kò sí. Ẹ ò mọ ọmọ: wọ́n sọ fún un pé, "Màmá ní ká sọ pé òun ò sí nílé." Mo gbọ́ tí ó rẹ́rìn-ín. Ó fún wọn ní gúgúrú tó rà bọ̀, ó ní kí wọ́n kí mi nígbà tí mo bá dé. Ọdún méjì ni a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá wá, á jókòó díẹ̀, á ní, "Tóyìn, ó ku tìrẹ." Kò pè mí ní Tíṣà mọ́.

Ìgbà tó wá kẹ́yìn, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi lọ́wọ́. Òun nìkan ló wá, lórí ọ̀kadà, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ti gbẹ. Ó jókòó, mo bu omi fún un nítorí pé a kì í fi omi du àgbà. Ó ní ó ku tèmi, pé kí n jẹ́ kí òun gùn ún. Mo dá a lóhùn láìgbé ojú kúrò nínú ìwé. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé. Èyí tí ẹ ti dì mú ti tó. Bí màmá mi bá jí, kí òun fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún yín." Mò ń pè é ní "ẹ̀yin," bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ ọ. Ó ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi." Ó mu omi náà tán, ó béèrè bóyá àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa nílé ẹ̀kọ́, ó sì dìde. N kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ nígbà tí ọ̀kadà gbéra.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Ó jẹun ọ̀sán, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n rò pé ó sùn.

Nígbà tí ariwo ìsìnkú rọlẹ̀, mo ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá Ràímì. Mo ti rò ó títí. Mo ní bí n kò tilẹ̀ lè jẹ́ kí Bàbá ṣe é, kí ẹni tó kọ́ ọ bá mi ṣe é, kó má baà ku ilé kankan lọ́rùn òkú. Ó wá sí Àrámọ̀kọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kò gbé àkàbà dání. Mo bi í bóyá kí n yá ọ̀kan lọ́wọ́ ará ilé kejì. Ó jókòó.

Ó ní, "Tóyìn, ilé tìrẹ la kọ́kọ́ ṣe."

Ó ní ọ̀sẹ̀ tí a sin màmá mi ni, nígbà tí èmi àti ọkọ mi àti àwọn ọmọ ṣì wà ní Ẹ̀fọ̀n tí àwọn èèyàn ń wá kí wa. Bàbá ló fa òun wá. Bàbá ní òun kò ní lè fọwọ́ kan ilé ẹlòmíràn láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ mú ewu kúrò lórí ọmọ Yémisí àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ibi òrùlé mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹyin funfun náà sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo bi í pé kí ni Bàbá wá ń bẹ̀ mí fún láti ọjọ́ yìí. Ó ní òun náà bi Bàbá bẹ́ẹ̀, pé kí ló dé tí kò sọ fún ọmọ náà pé iṣẹ́ ti parí, kó yéé wọ ọ̀kadà kiri ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó ní Bàbá mú òun búra pé òun kò ní sọ fún mi. Ó ní ohun tí Bàbá sọ ni pé, "Mo ti gun ulé rẹ̀. Mo fẹ́ kí òun fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé kí n gùn ún."

Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gba àárín ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún tí mo tò síbẹ̀ kọjá, mo sì gbójú sókè. Ó wà níbẹ̀, nítòsí etí òrùlé, ó funfun, òjò ọdún méjì ti fọ̀ ọ́ mọ́. Bọ̀ọ̀dá Ràímì dúró lẹ́yìn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Bàbá wá gbọ́ lẹ́nu mi fún ọdún méjì wà lórí ahọ́n mi, mo sì wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.